Ohun Tí Àbújá Ń Mí Símú àti Àwọn Tó Ń Wọ̀n Ọ́n

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kan gbogbo ẹni tó ní imú, nítorí pé ó dá lórí afẹ́fẹ́ tí olówó àti tálákà jọ ń mí, ó sì dá lórí bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe ń para pọ̀ láti mọ ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ náà jẹ́, ibi tó ti ń wá, àti ohun tí ó ṣeé ṣe sí i.

Nígbà ọyẹ́, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, àwọn ọjọ́ kan wà tí ẹni tó ń gba ọ̀nà Kàdúná bọ̀ kò ní rí Òkè Zuma àfi bí ó bá sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, tí ọkọ̀ òfuurufú kò sì ní lè balẹ̀ ní pápákọ̀ Nnamdi Azikiwe nítorí pé eruku ti bo ojú ọ̀run. Kí ni ó wà nínú eruku yìí, kí sì nìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń bẹ̀rù rẹ̀ ju bí àwa ará ìlú ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ? Ìdáhùn ni pé ìwọ̀n eruku kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó tóbi díẹ̀ nínú rẹ̀ ni imú àti ọ̀nà ọ̀fun máa ń mú dúró, tí ènìyàn á fi sín tàbí kó wúkọ́. Èyí tó kéré jù ni wọ́n ń pè ní PM2.5, orúkọ tó ń tọ́ka sí bí ó ṣe kéré tó: bí a bá gé mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, fífẹ̀ irú eruku bẹ́ẹ̀ kò ju méjì àbọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Irun imú kò lè dá a dúró, ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara, ìdí sì nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń so ó mọ́ ikọ́ fée, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odindi ọdún kan, eruku PM2.5 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó kún inú àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù, nítorí náà ohun tí àjọ náà gbà láàyè kéré púpọ̀. Àjọ náà fi kún un pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn láyé, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni afẹ́fẹ́ wọn kọjá ohun tó gbà láàyè. Kí olùgbọ́ di èyí mú dáadáa: eruku tí ojú kò rí ló ń pani jù, bí a kò bá sì ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níbo wá ni eruku ọyẹ́ ti ń wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé láti Kánò tàbí láti Màídúgùrì, ìdáhùn náà kò sì jìnnà sí òtítọ́, àmọ́ orísun rẹ̀ gan-an ṣì wà níwájú. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kan wà tó rì sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Láyé àtijọ́, nígbà tí Adágún Chad fẹ̀ ju bó ṣe wà lónìí lọ ní ìlọ́po púpọ̀, abẹ́ omi ni ilẹ̀ yìí wà, nígbà tí omi náà sì gbẹ, ohun tó kù síbẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun fífúyẹ́ tó jẹ́ èèpo àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń gbé inú omi. Òkè Tibesti wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkè Ennedi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, afẹ́fẹ́ tó bá sì gba àárín wọn kọjá a máa le koko, a sì kó ìyẹ̀fun náà gbé sójú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé kò sí ibòmíràn láyé tó ń tú eruku sókè tó Bodélé. Eruku yìí ń kọjá lórí Nàìjíríà, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé igbó Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Orílẹ̀-èdè wo ló lè dá irú nǹkan báyìí wádìí? Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, lè sọ bí eruku ṣe pọ̀ tó nígbà tó bá dé, ṣùgbọ́n kí ó tó lè kìlọ̀ fún ará ìlú ṣáájú, ó nílò ohun tí sátẹ́láìtì rí lórí Chad, ó nílò ìròyìn ojú ọjọ́ láti Niger, ó sì nílò ìṣirò tí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe ní Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé ní ibùdó kan tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ eruku fún apá àríwá Áfíríkà.

Àpẹẹrẹ àjùmọ̀ṣe tó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ wà ní Ìlọrin, ìlú tó wà lára ilẹ̀ ọ̀dàn tí Àbújá náà wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìlọrin àti Yunifásítì Maryland ní Amẹ́ríkà dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa wọn ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀, àwọn tí orúkọ wọn sì so mọ́ iṣẹ́ náà jù ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rachel Pinker láti Maryland àti Ọ̀jọ̀gbọ́n T. O. Aro láti Ìlọrin. Ní ọdún 1998, wọ́n fi ẹ̀rọ mìíràn kún un, ẹ̀rọ tó jẹ́ ti AERONET, ìyẹn àkójọ àwọn ibùdó káàkiri ayé tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ń ṣe alábòójútó rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ó ń kọjú sí oòrùn, ó ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi í wé iye tó yẹ kó dé bí ojú ọ̀run bá mọ́ lóló, èyí tó bá sì dín ni eruku àti èéfín tó wà lójú ọ̀nà ti gbé mì. Ohun tó mú kí ó wúlò ni pé irú ẹ̀rọ kan náà ló wà ní Ìlọrin, ní ilẹ̀ Faransé àti ní erékùṣù Hawaii, àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó wọn a sì máa gbà wọ́n padà lóòrèkóòrè láti yẹ ìwọ̀n wọn wò, débi pé òǹkà Ìlọrin àti òǹkà ibòmíràn ṣeé fi wé ara wọn láìsí àríyànjiyàn. Ohun tí Ìlọrin fi han ayé kò dùn létí: ní oṣù ọyẹ́, ojú ọ̀run rẹ̀ wà lára àwọn tí eruku àti èéfín bò jù nínú gbogbo àkójọ ibùdó náà, nítorí pé eruku aṣálẹ̀ àti èéfín oko tí àwọn àgbẹ̀ ń sun máa ń pàdé níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ yìí, ojú lásán ni à bá fi máa wo ọyẹ́ títí di òní.

Nígbà tó di ọdún 2006, ó kan Àbújá gan-an. Ọdún yẹn ni iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní AMMA, tí àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà jọ ṣe, jáde sí pápá láti mọ bí òjò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe ń wá. Wọ́n dá ibùdó tuntun sílẹ̀ ní Àbújá, ní Kútọnu ní ilẹ̀ Benin àti ní Tamale ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ju bàlúùnù ńlá sókè, tí bàlúùnù náà sì gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìròyìn ooru, ọ̀rinrin àti ìrìn afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sílẹ̀ bí ó ṣe ń gòkè. Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìdọ̀tí afẹ́fẹ́? Ó ní í ṣe púpọ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ní òkè kò lè mọ ibi tí èéfín yóò bọ́ sí.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó tún tóbi dé, ìyẹn DACCIWA, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi owó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Karlsruhe ní Jámánì sì ṣe kòkáárí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ọ̀kan láti Jámánì, ọ̀kan láti Faransé, ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Lomé ní Tógò ṣe ibùdókọ̀, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kiri lójú sánmà, nígbà tí àwọn ibùdó ńlá mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀: ọ̀kan ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀kan ní Ṣábẹ ní ilẹ̀ Benin, ọ̀kan ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Méjì nínú mẹ́ta yìí ló bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni nínú wa tó gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà náà.

Kí ni wọ́n rí? Ohun kan ya àwọn onímọ̀ náà lẹ́nu. Àsìkò òjò ni wọ́n wá, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti òkun wá sí ilẹ̀, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé afẹ́fẹ́ òkun mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ti ru èéfín dání kó tó kan èbúté, èéfín igbó àti oko tó ń jó ní Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, ní Kóńgò àti Àńgólà, tó gba ojú òkun wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ ń gbé eruku Chad wá láti ìlà oòrùn àríwá, tí afẹ́fẹ́ òjò sì ń gbé èéfín ẹlòmíràn wá láti gúúsù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí wẹ ara rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ DACCIWA tún wọn afẹ́fẹ́ inú Abidjan ní Côte d'Ivoire àti Kútọnu, ibi tí eruku kéékèèké sì ti pọ̀ jù nínú àwọn ibi tí wọ́n wọ̀n ni àdúgbò kan ní Abidjan tí àwọn obìnrin ti ń fi igi yan ẹja, ó ju òpópónà tí ọkọ̀ ti ń há lọ. Ní Kútọnu, èéfín ọ̀kadà ló gbalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀kadà wọ̀nyí ló sì ń mu kpayo nígbà náà, bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà gba ẹ̀yìn ààlà wọlé, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ohun tí wọ́n rí lọ́hùn-ún náà ló wà ní Àbújá: jẹnẹrétọ̀ ń ké nílé àti ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sun pàǹtírí lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fọ́ òkúta ní Mpape, ọkọ̀ àtijọ́ sì ń tú èéfín dúdú sílẹ̀ ní ọ̀nà Nyanya láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Nípa ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti di òfin, Àbújá sì ni ó ti ṣẹlẹ̀. Imí-ọjọ́ wà nínú epo rọ̀bì. Bí wọn kò bá yọ ọ́ kúrò dáadáa nígbà tí wọ́n ń fọ epo náà, yóò jó nínú ẹ́ńjìnnì, yóò di gáàsì olóòórùn líle, gáàsì náà yóò sì padà di eruku kéékèèké nínú afẹ́fẹ́, yàtọ̀ sí pé ó ń ba asẹ́ èéfín ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́. Ní Yúróòpù, imí-ọjọ́ inú epo díísù kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù lọ. Ní Nàìjíríà ní ọdún 2016, òfin gba ìdá 3,000 láàyè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àjọ kan ní Switzerland tí ń jẹ́ Public Eye gbé ìwádìí jáde pé àwọn oníṣòwò epo ń po epo tí wọn kò lè tà ní Yúróòpù, wọ́n sì ń kó o wá sí Áfíríkà, àjọ náà sì fi epo tí ó rà nílé epo ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ṣe ẹ̀rí.

Kí ló tẹ̀lé e? Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn kan náà, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire pàdé ní Àbújá lábẹ́ àbójútó ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, pẹ̀lú Amina Mohammed tó jẹ́ mínísítà àyíká nígbà náà gẹ́gẹ́ bí olùgbàlejò, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn yóò sọ ìdá 3,000 di 50. Gánà mú un ṣẹ ní ọdún 2017. Àjọ ECOWAS sọ ìdá 50 náà di ìlànà fún gbogbo ẹkùn yìí ní ọdún 2020. Ní Nàìjíríà, àríyànjiyàn ṣì ń lọ ní gbangba ní ọdún 2024 lórí iye imí-ọjọ́ tó wà nínú díísù, ti ilé àti ti òkèèrè. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ epo wò ní èbúté àti ní ilé epo ló lè sọ ọ́ di òótọ́.

Àjùmọ̀ṣe mìíràn tún wà tó kan inú ilé ìdáná. Ní Ìbàdàn, láti ọdún 2013 sí 2015, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Ṣọlá Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pín aláboyún 324 sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tó ń jó láìní èéfín púpọ̀, àwọn yòókù sì ń bá igi tàbí kẹrosíìnì wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ti àwọn tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ: èéfín ilé ìdáná ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláboyún sókè. Àwọn ìyá wa ti fi gbogbo ayé wọn sun ẹkún èéfín, wọ́n sì kà á sí ara iṣẹ́ obìnrin, kí ìwádìí yìí tó fi hàn pé ó ń kan ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ǹjẹ́ àbùkù kankan wà nínú irú àjùmọ̀ṣe yìí? Ó wà, ó sì tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ló ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó òkèèrè bá dé, tó sì ń parí nígbà tí owó náà bá tán. Ọkọ̀ òfuurufú DACCIWA fò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì padà sí ilé wọn. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní àwọn ìlú kan ní Áfíríkà ń fi ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wọn kéde òǹkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn onímọ̀ àti àwọn oníròyìn sì gbẹ́kẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé kò sówó mọ́, òǹkà náà sì dúró. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí ó bá tilẹ̀ ríran pàápàá, yóò padà sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti wà báyìí tí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àdúgbò lè rà. Òótọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa ka ọ̀rinrin mọ́ eruku nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ìkùukùu bá wà, òǹkà rẹ̀ a sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń ra ìrẹsì ní ọjà Wuse mọ̀ pé múdù tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú kò ṣeé gbà gbọ́ àfi tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pé; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí ṣe gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ńlá kan tó dájú fún ìgbà díẹ̀, kí a tó gbé wọn kiri ìlú. Níhìn-ín ni iṣẹ́ ìjọba wà, nítorí pé ẹ̀rọ ńlá náà wọ́n, ó sì nílò iná tí kì í kú àti òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ṣé Nàìjíríà kò ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ó ní wọn. Ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń yin àwọn èérún átọ́ọ̀mù lu eruku tí a gbà sórí asẹ́, tó sì ń fi hàn bóyá irin, lẹ́ẹ̀dì tàbí imí-ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Ní Anyigba ní Ìpínlẹ̀ Kogí, àjọ òfuurufú Nàìjíríà, NASRDA, ní ibùdó ìwádìí nípa ojú sánmà. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ ń kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nípa ojú ọjọ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jámánì, lábẹ́ ètò WASCAL. Ní Àbújá, NESREA tó ń mú òfin àyíká ṣẹ ní ìlànà lórí ìmọ́tótó afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí ètò kan ní ọdún 2019 láti dín èéfín dúdú àti gáàsì mẹ́tééènì kù. Ìmọ̀ wà, òfin wà. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ láìdúró de àlejò.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn aṣòfin tó jókòó sí Àbújá, àwọn náà tí wọ́n ń mí eruku Bodélé kan náà: ẹ fi owó ìtọ́jú ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sínú ìṣúná ọdọọdún, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn alájọṣe láti òkèèrè pé kí ẹ̀rọ àti òǹkà rẹ̀ kù sí ilẹ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Kí NiMet àti NESREA sì máa kéde ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lórí rédíò láràárọ̀ ní èdè tí ará Kúbwà àti ará Gwàgwàládà ní agbègbè Àbújá gbọ́, bí wọ́n ṣe ń kéde òjò, kí ẹni tó ní ikọ́ fée lè mọ ọjọ́ tó yẹ kó jókòó sílé.